Ìyá Abẹ́rẹ́ àti Ẹ̀wù Olórin Tó Ya

Kí ilé oúnjẹ náà tó ṣí láràárọ̀, kí àwọn alásè tó dáná, ẹnì kan ṣoṣo ni í máa ń wà nínú gbọ̀ngàn rẹ̀, lórí àkàbà, tí yóò máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gba eruku lára bàtà olóògbé. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìwọ̀nba tó bá sọ kì í ṣubú sílẹ̀. Olórí alásè ló fún un lórúkọ náà ní ọdún tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn agbáwo fẹ́ fi kíkúrú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí wọ́n wá àpótí fún màmá kí ó lè rí ojú àwo tó fẹ́ jẹun nínú rẹ̀. Obìnrin náà wò ó láti ilẹ̀ dé òkè, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tó ga, kí lo rí lókè ọ̀hún tí o kò tíì sọ fún wa?" Ẹ̀rín bú, olórí alásè sì kígbe pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ o! Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti mọ́ ọn lára, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ilé oúnjẹ yìí kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń wọ̀ torí ebi nìkan. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi ìfọwọ́. Gìtá mọ́kàndínlógún ló rọ̀ mọ́ ògiri: òmíràn ń dán bí ojú omi, òmíràn kò ní ju okùn mẹ́ta lọ, ọ̀kan sì wà tí ẹni tó ni ín fi na ilẹ̀ títí ọrùn rẹ̀ fi kán, tó wá di pé kíkán tó kán gan-an ló sọ ọ́ di olówó iyebíye. Ọ̀pá ìlù wà níbẹ̀ tí eyín ti jẹ lẹ́nu. Ẹ̀yìn páálí sìgá kan wà nínú dígí, tí ẹnì kan fi lẹ́ẹ̀dì kọ orin sí, tó fi ìlà pa á, tó sì tún un kọ. Wọ́n pín gbọ̀ngàn náà sí igun-igun. Igun àwọn onílù wà, igun àwọn obìnrin olóhùn gooro wà, igun kan sì wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn olórin tó kú ní kékeré. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn oníbàárà ń dù jù. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá jẹun níbẹ̀ ní láti gba àyè sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, àfi bí ẹni pé ikú àwọn ẹni ẹlẹ́ni ló ń mú ẹran sísun dùn.

Ọ̀gá tó ni ilé náà ti ń kó nǹkan wọ̀nyí jọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Kò sí gbàǹjo ohun ìní olórin tí wọ́n ṣe tí a kò ní í bá a ní ìlà iwájú. Wọ́n ní ó ti fi ọjọ́ méjì wa ọkọ̀ rí nítorí ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, èkejì rẹ̀ ni ó sì ń wá kiri títí di òní.

Aṣọ orí tábìlì àti aṣọ ìnuwọ́ ni wọ́n gba Ìyá Abẹ́rẹ́ láti máa rán. Ní ọdún kejì ni kòkòrò wọ ṣòkòtò àrán olórin kan, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ ogún bàbá rẹ̀. Gbogbo ẹnu ló ní kí wọ́n dà á nù. Obìnrin yìí fi ọ̀rá wé ṣòkòtò náà, ó gbé e sínú ẹ̀rọ amóhun-dì àwọn alásè, láàárín ẹran àti ẹja, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ méjì. Olórí alásè ní òun kò mọ irú ọbẹ̀ tí òun máa fi ṣòkòtò òkú sè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ ọ́, kò sí kòkòrò kan tó tún mí nínú rẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ fi òwú tó tín-ín-rín bí irun dí àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wò ó, ó yọ kọ́kọ́rọ́ àwọn àpótí dígí kúrò nínú àpò rẹ̀, ó kó gbogbo wọn lé e lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ́ iṣẹ́ tí kò sí olùkọ́ rẹ̀ nítòsí. Ó mọ̀ pé iná inú dígí ń jẹ àwọ̀ aṣọ díẹ̀díẹ̀ bí ikán ti ń jẹ igi. Ó mọ̀ pé òróró tó ń fò láti ilé ìdáná kò ní ibi tí kì í bà lé. Ó mọ̀ pé a kì í fi ọṣẹ kan ẹ̀wù olórin, torí òógùn tó gbẹ sí i lọ́rùn kì í ṣe ìdọ̀tí, òun gan-an ni àwọn èèyàn wá wò. Àbàwọ́n ló mọ̀. Yíya ni kò tíì kàn án, nítorí gbogbo ẹ̀wù tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, odindi ni wọ́n dé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nílé tí wọ́n ti bí i, aránṣọ ni ìyá rẹ̀, aránṣọ ni ìyá ìyá rẹ̀. Bí ọmọ kan bá fẹ́ fi aṣọ yíya jáde, ìyá rẹ̀ á dí ẹnu ọ̀nà, á ní, "Aṣọ yíya tí wọn ò rán, àbùkù ẹni tó wọ̀ ọ́ kọ́ o, àbùkù aránṣọ àdúgbò ni."

Ní ọjọ́bọ̀ kan ni ẹ̀wù Ohùn-Àrá dé. Ohùn-Àrá ni ìnagijẹ olórin kan tó kú ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tí àwọn tó dàgbà nígbà ayé rẹ̀ kò tíì gbàgbé bí ó ti máa ń ké lórí ìtàgé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbà láti yá ilé oúnjẹ náà ní ẹ̀wù ọ̀hún lẹ́yìn tí ọ̀gá ti bẹ̀ ẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Máníjà, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó máa ń rìn bí ẹni tí iná ń jó ní ẹ̀yìn rẹ̀, gbé páálí náà wọ yàrá iṣẹ́ Ìyá Abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ní, "Màmá, ọjọ́ Àbámẹ́ta la fẹ́ gbé e síta. Ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú." Tẹlifóònù dún, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ rò pé nítorí mànàmáná pupa tí wọ́n yà sí ẹ̀yìn èjìká ẹ̀wù náà ni wọ́n ṣe fẹ́ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú.

Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Awọ dúdú ni, ó wúwo bí ọmọ ọdún méjì. Láti abẹ́ apá ọ̀tún títí dé àárín ẹ̀yìn ni ó ti ya, ó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, etí rẹ̀ sì ti ṣẹ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó gbé e sókè ní èjìká, ó rí i pé bí wọ́n bá gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀, ìwúwo awọ náà yóò máa fa ojú yíya ọ̀hún lọ títí ẹ̀yìn yóò fi pín sí méjì. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ta ni aránṣọ ń bi léèrè kí ó tó rán ohun tó ya? Ó ti ń gba eruku lára gìtá kíkán fún ọdún mọ́kànlá, kò sì wá sí i lọ́kàn rí láti lẹ ọrùn rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n gìtá kì í ṣe aṣọ.

Ó fi abẹ gé etí tó ṣẹ́ náà kúrò kí ojú rẹ̀ lè gún, ó gbá àwọn èérún awọ náà sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Ó wá awọ pẹlẹbẹ tó bá a mu, ó fi lẹ̀ ẹ́ nínú. Ó fi òòlu lu ihò wẹ́wẹ́, ó fi ìda pa òwú, ó rán an lọ, ó rán an bọ̀, ó fi àwọ̀ dúdú pa ojú rẹ̀. Nígbà tí ó fi parí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òun fúnra rẹ̀ ní láti fi ìka wá ibi tó ti ya kí ó tó mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ dùn. Kò tíì ṣe iṣẹ́ tó gún tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dé ilé náà. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ni ó ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Ní ọjọ́ Ajé ni àwọn atẹ̀wé gbé káàdì dé. Agbáwo kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ àpótí dígí náà, Ìyá Abẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti kà á. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé: ẹ̀wù Ohùn-Àrá rèé, ẹ wo ojú yíya ńlá tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ní òde ìkẹyìn rẹ̀ ni àwọn èrò tó fẹ́ràn rẹ̀ ti fà á ya mọ́ ọn lára. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Kò tíì kúrò níbẹ̀ tí ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ fi dé ìdí àpótí náà. Ọkùnrin náà ka káàdì sókè, ó gbójú sí ẹ̀wù, ó tún gbójú sí káàdì.

"Níbo ló ti ya?" ni ó béèrè.

Ìyàwó rẹ̀ fi imú kan dígí. "Bóyá káàdì ẹlòmíràn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn."

"Rárá, orúkọ rẹ̀ nìyẹn."

"Ó dáa, kí wọ́n sọ orúkọ aránṣọ ẹ̀ fún wa. Òun gan-an ló yẹ kí wọ́n fi sínú dígí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ sídìí tábìlì wọn. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, oníbàárà mẹ́rin ti béèrè ọ̀rọ̀ kan náà, máníjà sì ti wá síwájú àpótí, ó ti wò, àwọ̀ ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó wọ yàrá iṣẹ́, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ̀wù yẹn ya nígbà tó dé."

"Ó ya."

"Kò ya mọ́."

"Mo rán an."

"Ta ló ní kí ẹ rán an?"

"Ta ló ní kí n má rán an?"

Máníjà fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. Ó yọ ìwé kan láti inú fáìlì tó há mọ́ abíyá rẹ̀, ó sì kà á jáde. Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n olóògbé ni. Kò gùn. Ó ní òun yá wọn ní ẹ̀wù àbúrò òun. Kí wọ́n má fọ̀ ọ́. Kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e wọ̀. Ibi tó ya, kí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìyá Abẹ́rẹ́ jókòó. "Láti ìgbà wo ni lẹ́tà yìí ti dé ọwọ́ yín?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ẹ ò fi hàn mí."

"Mo gbàgbé, Màmá. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi." Ó wo ilẹ̀, ó tún gbójú sókè. "Màmá yẹn ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, òun àti ọ̀gá. Wọ́n fẹ́ wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ya."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ rán an, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹ ya á bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ká pa ẹnu mọ́. Bí wọ́n bá bá a bó ṣe wà yìí, èmi àti ẹ̀yin la máa jáde nílé yìí." Ó ṣí ilẹ̀kùn. "Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jáde."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Abẹ́rẹ́ fọ àwo kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní ọdún ìkẹyìn ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé nínú yàrá méjì, gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá mi, òdòdó ara àwo yìí fẹ́ bó o. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ rò ó fún un. Ọmọ náà gbọ́ ọ dé òpin, ó kẹ́rìn-ín, ó sì dá ẹ̀rín náà dúró.

"Ẹ ya á, Màmá mi. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ńkọ́? Èmi kì í ṣe ènìyàn?"

"Ènìyàn ni yín. Ènìyàn tó máa jẹun ni yín pẹ̀lú. Ojú yín ò rí òwú mọ́ bó ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀. Ta ló tún máa gbà yín síṣẹ́? Ta ló tún máa kó kọ́kọ́rọ́ gìtá lé yín lọ́wọ́?"

Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ, ohun tó sì ń dùn ún gan-an nìyẹn. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó ń rí níbi iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ nìkan ni ayé ti bi í léèrè ohun tó mọ̀. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, yóò tún di obìnrin tó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kúrú fún àwọn aládùúgbò. Ọmọ rẹ̀ nu àwo náà títí ó fi gbẹ.

Nígbà tí ó di òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀, ó yọ ẹ̀wù náà kúrò nínú dígí, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó mú abẹ. Máníjà dúró tì í. Ó gé òwú ẹ̀kínní. Ó gé èkejì. Ó gé ẹ̀kẹta. Ojú rírán náà ṣí níwọ̀n ìbú ìka kan, ó sì gún régé bí ẹnu àpò. Nígbà náà ni ohun tó ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé tún wá jókòó síwájú rẹ̀ gbangba: etí yíya tòótọ́ kò sí mọ́. Òun ló gé e. Bí wọn yóò bá rí yíya níbí, àfi kí wọ́n fa awọ tó ṣì le ya lákọ̀tun.

"Ẹ di apá kan mú," ni máníjà wí, "kí n di ìkejì. Ẹ jẹ́ ká fà á."

Wọ́n dì í mú. Wọ́n dúró ní ìhà méjì tábìlì, àgbà obìnrin àti ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, bí ọmọdé méjì tó ń du aṣọ ìbora. Máníjà fà. Awọ náà dún gìdì, kò ya. Ó tún fà. Ìyá Abẹ́rẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọkùnrin náà sì fi ìdí gbá kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kí ló dé tí ẹ fi í sílẹ̀?"

"Mi ò lè ṣe é."

"Ẹ fún mi, èmi á dá a ṣe."

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí tábìlì, ó fi gbogbo ara fà á, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Awọ náà kò mira. Bí ó ti ń mí hẹlẹ-hẹlẹ ni olórí alásè ti orí bọ inú yàrá, ó wò wọ́n, ó gbójú kúrò.

"Ẹ má bínú o. Ọ̀gá ti dé. Òun àti màmá àgbà kan. Wọ́n wà nídìí dígí."

Obìnrin tí wọ́n bá níbẹ̀ ga, ó gbẹ, ó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀pá ọ̀hún mọ̀ pé òun gbára lé e. Ọ̀gá ń fi ọwọ́ han àpótí tó ṣófo. "Máníjà, ẹ̀wù dà?"

"Ọ̀gá, a gbé e wọlé láti gba eruku..."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé ẹ̀wù náà sórí apá méjèèjì, ó kúnlẹ̀ síwájú àgbà obìnrin náà.

"Màmá, èmi ni aránṣọ ibí. Ẹ̀wù yín ya nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì rán an. Mo gé etí ibi tó ti ya. Ẹ bá mi wo ibi tó ṣí díẹ̀ yìí: láàárọ̀ yìí ni mo fẹ́ tú u, kí n lè tàn yín jẹ."

Ọ̀gá fi ọwọ́ bo ẹnu. Àgbà obìnrin náà tẹ̀ bá ẹ̀wù náà. Ó tọ ojú rírán náà pẹ̀lú ìka láti abẹ́ apá dé àárín ẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tí ara ti ń dun aláìsàn.

"Kí ló dá ọ dúró?" ni ó béèrè.

"Etí rẹ̀ kò sí mọ́, Màmá. Èyí tí mo bá ya nísinsìnyí, tèmi ni yóò jẹ́."

"Èyí tí o gé dà?"

"Ó ti bá ìdọ̀tí lọ. Ó pé ọ̀sẹ̀ kan lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n," ni ọ̀gá wí, "ẹ má jẹ́ kó dùn yín. A máa pààrọ̀ káàdì yìí. A máa kọ ọ́ pé..."

Obìnrin náà ti tẹ̀ síwájú, ó ń ka káàdì. "Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, Màmá," ni máníjà wí. "Bí a ṣe gbọ́ ọ nìyẹn."

"Lẹ́nu ta ni?"

Máníjà gbójú sí ọ̀gá.

"Kò sí èrò kankan níbẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Èmi ni mo fà á ya." Ó fa àga kan, ó jókòó. "Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Kò sùn fún ọjọ́ méjì, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ní kó sinmi, kó má wakọ̀ lọ níbì kankan. Ó ní àwọn èèyàn ń dúró de òun. Mo di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà ilé mi. Ó fà, èmi náà fà. Nígbà tó ya, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ọ fún mi. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi rán an kí n tó dé.' Ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì wakọ̀ jáde nínú òjò, kò sì padà dé mọ́."

Ó na ọwọ́, ó gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́.

"Mo ní abẹ́rẹ́ nílé. Mo mọ̀ ọ́n rán. Iṣẹ́ mi ni. Ara ènìyàn tí mo ti rán kò níye. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mi ò fi rán ẹ̀wù yìí." Ó yíjú sí Ìyá Abẹ́rẹ́. "Ta ló ní kí o bá mi rán an?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n rán an, Màmá."

"Ìyókù yìí, ṣé ó lè tú fúnra rẹ̀?"

Irọ́ kékeré, pé yóò tú bó bá yá, ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti pa. "Bí abẹ ò bá kàn án, Màmá, kò lè tú."

Àgbà obìnrin náà mi orí. Ó ní kí wọ́n bá òun mú abẹ́rẹ́ wá. Ìyá Abẹ́rẹ́ sáré mú un, ó ki òwú bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n olóògbé gbé ẹ̀wù sórí itan, ó fi ìka méjì pa ibi tó ṣí náà dé, ó gbé ẹnu abẹ́rẹ́ lé e. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Níkẹyìn obìnrin náà dá abẹ́rẹ́ padà láìgún un.

"Kó wà bẹ́ẹ̀," ni ó wí. Ó dìde, ó ní kí wọ́n bá òun wá àpò. Wọ́n ní kó jẹun, kò jẹ. Wọ́n ní kí àwọn fi ọkọ̀ gbé e délé, kò gbà. Ó ki ẹ̀wù náà sínú àpò, ó há a mọ́ abíyá, ó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ti padé, ọ̀gá mú lẹ́tà lọ́wọ́ máníjà, ó kà á. "Ṣé wọ́n fi èyí hàn ọ́ kí o tó rán an?" ni ó bi Ìyá Abẹ́rẹ́.

Ìyá Abẹ́rẹ́ wo máníjà, ó sì fún un láyè láti fèsì. Ọkùnrin náà ń wo imú bàtà ara rẹ̀.

"Ẹni tó mọ̀ wà níbí, ọ̀gá."

Ọ̀gá kì í ṣe òmùgọ̀, ó yé e. Ṣùgbọ́n máníjà tó lè bójú tó ogójì tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà ṣọ̀wọ́n, ojú àwọn olówó tó ń yá ènìyàn ní ohun ìní olóògbé sì gbọ́dọ̀ rí i pé ẹnì kan jìyà. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà. Ó ní kí Ìyá Abẹ́rẹ́ kó kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, èyí tó mú un korò sí i. Olórí alásè sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó fẹ́ dá àpárá kan, kò rí i dá. Ó ní, "Ìyá, ẹ máa wá jẹun o." Àwọn méjèèjì mọ̀ pé kò ní í wá.

Àpótí dígí náà ṣófo fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà wọ́n fi gìtá sí i.

Iwájú yàrá rẹ̀ ni ó ti ń ránṣọ báyìí, lórí ẹ̀rọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ọmọ rẹ̀ ti ń kọ́ni ní ilé ìwé kan, ó sì máa ń fẹ́ kí ó sinmi, ṣùgbọ́n kò sinmi. Àwọn aládùúgbò ní iṣẹ́ rẹ̀ dára, pé àléébù kan ṣoṣo ni ó ní. Bí ènìyàn bá gbé aṣọ tó ya dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ títí yóò fi béèrè pé, "Ta ló ya á?" Àwọn mìíràn á ní ìṣó ni. Àwọn mìíràn á ní kí ló kàn án nínú ìyẹn, wọ́n á sì gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ aránṣọ ìsàlẹ̀ àdúgbò, tí kì í béèrè nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó ilé kan gbé ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ tí apá rẹ̀ ti já wá. Ìyá Abẹ́rẹ́ bi í. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ títí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ó dìde, ó ká ẹ̀wù náà bó ṣe gbé e wá, ó sì mú un lọ sílé láìrán.